Ṣé kí n ra ilé short sale àbí kí n fi í sílẹ̀? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà. Látìgbà tí mo ti ra ilé mi ní Prince George's County, ní Maryland, lọ́dún 2011 ni mi ò ti lè lọ òde ìsọmọlórúkọ kan kí n jẹ mọ́ínmọ́ín mi lálàáfíà, ẹnì kan á ṣáà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Àǹtí, wọ́n ní short sale lẹ ra tiyín, mo rí ọ̀kan tó pọ́kú gan-an, ṣé kí n lọ?" Nọ́ọ̀sì ni mí o, mi ò kì í ṣe lóòyà, mi ò sì kì í ṣe éjẹ́ńtì, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tọrùn bọ ọ̀rọ̀ yìí, ti àkọ́kọ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́yìn oṣù márùn-ún, inú èkejì ni mò ń gbé báyìí. Ohun tí mo mọ̀ nìyí.

Kí ni short sale gan-an? Ṣé ilé tí wọ́n ń tà kíákíá ni?

Rárá o. Owó ló ṣọ́ọ̀tì, kì í ṣe àsìkò. Ṣẹ́ ẹ mọ bí ìyá ọlọ́jà ṣe máa ń sọ pé "owó yín ṣọ́ọ̀tì o" tẹ́ ẹ bá san ₦900 lórí ọjà ₦1,000, nǹkan kan náà ni. Ẹni tó ni ilé jẹ báńkì ní gbèsè mọ́gééjì tó ju iye tí ilé yẹn lè pa lọ́jà lọ, apá ẹ̀ ò sì ká a mọ́, bóyá iṣẹ́ ló bọ́, bóyá àìsàn ni, bóyá tọkọtaya ló tú ká, ló bá lọ bẹ báńkì pé kí wọ́n jẹ́ kóun tà á ní iye tó bá pa, kí wọ́n gba ìyẹn, kí wọ́n sì yọwọ́ lórí ilé. Tí báńkì ò bá tíì gbà, kò tíì sí ọjà, kódà kí láńlọ́ọ̀dù ti buwọ́ lùwé fún yín, kẹ́ ẹ ti jọ ya fọ́tò níwájú ilé.

Kí ló máa ń mú kí báńkì gbà? Ṣé wọn ò fẹ́ràn owó ni?

Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ju èmi àti ẹ̀yin lọ, ìṣirò ni wọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ ká ní láńlọ́ọ̀dù jẹ $380,000, ilé ò sì lè pa ju $320,000 lọ lónìí. Tí wọ́n bá yọ owó éjẹ́ńtì, owó ìjọba àti àwọn ìnáwó kéékèèké, ká ní $300,000 ló dé ọwọ́ báńkì, wọ́n ti pàdánù $80,000 nìyẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá kọ̀, àfi kí wọ́n fi foreclosure gba ilé, wọ́n á san owó lóòyà, wọ́n á máa san owó-orí ilé àti ìnṣọ́ránsì ní gbogbo oṣù tí ilé bá fi ṣófo, ẹni tí wọ́n lé jáde lè ti fìbínú tú síìǹkì àti páìpù kó lọ, wọ́n á sì tún tà á náà nígbẹ̀yìn. Àwọn àti ẹni tó jẹ gbèsè, adìẹ bà lókùn ni, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìgbà tí àdánù short sale bá kéré sí àdánù foreclosure nìkan ni wọ́n máa ń gbà, kì í ṣe tìtorí àánú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí gbogbo ìwà tí wọ́n máa hù sí yín, ibẹ̀ ló ti wá.

Ṣé kò wá jọ foreclosure báyìí?

Ó yàtọ̀. Ní short sale, láńlọ́ọ̀dù ṣì ló ni ilé ẹ̀, òun ló ń tà á, ẹ lè wọlé lọ wò ó, ẹ lè mú inspector, ẹni tó ń yẹ ilé wò fún oníbàárà, dání. Èyí tí wọ́n ń lu ní gbàǹjo, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ ò ní rí inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á, wọn ò sì ní dúró de mọ́gééjì yín. Èyí tí báńkì ti gbà pátápátá tí wọ́n wá ń tà fúnra wọn, ìyẹn máa ń yá ju short sale lọ torí ẹnì kan ṣoṣo lẹ ń bá ṣòwò. Short sale ló ni èèyàn méjì: ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń dá a lẹ́kun pé kó má tíì tà.

Ó máa ń pẹ́ tó báwo?

Tí éjẹ́ńtì kan bá sọ fún yín pé ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Èyí tó bá lọ geere, oṣù méjì sí mẹ́rin. Tèmi gba oṣù méje.

Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rèé. Láńlọ́ọ̀dù á kọ lẹ́tà pé ìyà ń jẹ òun, á kó payslip, bank statement àti ìwé owó-orí ẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ́fà tẹ́ ẹ kọ, ìyẹn ìwé iye tẹ́ ẹ fẹ́ fi rà á, á kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kan ní báńkì tí wọ́n ń pè ní loss mitigation. Àwọn yẹn á ní ìwé kan ò sí níbẹ̀. Wọ́n á fi í ránṣẹ́. Wọ́n á wá rán ẹnì kan wá wo iye tí ilé tó, ẹni yẹn lè wọlé, ó sì lè jókòó sínú mọ́tò kó ya fọ́tò lóde kó máa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn tó bá jẹ́ pé Fannie Mae tàbí Freddie Mac, àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ra lóònù ilé lọ́wọ́ báńkì, ló ni lóònù yẹn gan-an, tàbí pé FHA tàbí VA, àwọn ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe onídùúró lóònù ilé (VA wà fún àwọn ológun), ló dúró fún un, ìlànà àwọn yẹn náà gbọ́dọ̀ bá a mu, nítorí báńkì tẹ́ ẹ ń rí yẹn, ó lè jẹ́ agbowó lásán ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ní kí láńlọ́ọ̀dù tèmi tún fi payslip tuntun ránṣẹ́ torí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn ti ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, ta ló wá jókòó lé e lórí títí tó fi di ọgbọ̀n ọjọ́ ná? Ẹni tó ń mójú tó fáìlì náà yí padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tuntun á bẹ̀rẹ̀ látorí "ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀ ń pè?" Mi ò ní dárúkọ báńkì yẹn, mo ti dárí jì wọ́n, mo kàn ń sọ̀rọ̀ ni.

Mo rí ilé kan ní $259,000, àwọn ilé tó yí i ká lé ní $330,000. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Iye tí éjẹ́ńtì láńlọ́ọ̀dù kọ kì í ṣe iye tí báńkì fọwọ́ sí, nígbà míì wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ iye tó kéré kí ọ́fà lè tètè wọlé, torí báńkì púpọ̀ kì í dá ọ̀rọ̀ náà wò títí wọ́n á fi rí ọ́fà nílẹ̀. Ẹ ó kọ $259,000, ẹ ó dúró fún oṣù mẹ́ta, báńkì á wá fèsì pé ẹni táwọn rán ní ilé yẹn tó $315,000, àwọn ò sì gbà kó dín ní $305,000.

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi éjẹ́ńtì wọn ni pé, ṣé báńkì ti fọwọ́ sí iye yìí rí? Ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan ti ra ilé yẹn síwájú yín, kó dúró títí kó sú u, kó fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tí báńkì ti sọ iye tí wọ́n máa gbà. Irú ìyẹn dáa gan-an, ẹlòmíì ti bá yín san gbèsè sùúrù.

Àbí kẹ́ ẹ kàn sọ ọ́ fún mi tààrà, ṣé kí n rà á àbí kí n má rà á?

Mi ò mọ yín, àmọ́ mo mọ ẹni tó bá mu. Ẹni tí rẹ́ńtì ẹ̀ ò wọ́n, tó lè máa san án lóṣooṣù láìtún fọwọ́ sí ọdún kan míì. Ẹni tó lówó dídá sílẹ̀ yàtọ̀ sí owó ilé. Ẹni tí ilé yẹn ò bá bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ní ṣàìsàn. Nígbà tí mo ra tèmi, yàrá kan tó wà lábẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Lanham ni mò ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, bí ilé yẹn yá, bí kò yá, mo ti rí ibi sùn.

Àmọ́ ẹ wo ẹni tí lease ẹ̀ ń parí lóṣù kẹfà, tí ìyàwó ẹ̀ lóyún, tí ìyá ìyàwó ti gba vísà n'Ìbàdàn pé òun ń bọ̀ wá tọ́jú ọmọ lóṣù kẹsàn-án, tó tún fẹ́ kí ọmọ tó dàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ìwé àdúgbò tuntun. Kí nìyẹn ń wá ní short sale? Á máa fi ẹ̀jẹ̀ ríru dúró de lẹ́tà. Kó lọ ra ilé tí ẹni tó ni ín lè sọ lónìí pé "mo gbà", kó san $15,000 lé e, kó sùn.

Ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ta ilé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó lè ra òmíì náà, kó jìnnà sí i. Ọjọ́ méjèèjì ò ní bára mu láé.

Ṣé ẹ̀dínwó yẹn máa ń tó nǹkan?

Ìgbà míì ni. Ẹ má fi iye tí wọ́n kọ wé iye tí ará ilé kejì tà, ilé ará ilé kejì ti ní kíṣìnnì tuntun. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ jèrè $25,000 lórí owó ọjà. Òrùlé fẹ́ $12,000, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná fẹ́ $6,000, kápẹ́ẹ̀tì àti ọ̀dà $4,000. Ó ku $3,000, ẹ sì ti fi oṣù mẹ́fà dúró.

Owó èlé wá wà ńbẹ̀. Lóònù $300,000 fún ọgbọ̀n ọdún, tó bá jẹ́ 6%, nǹkan bíi $1,799 ni ẹ ó máa san lóṣù, láìka owó-orí àti ìnṣọ́ránsì. Tó bá gun 7% kí báńkì tó dá yín lóhùn, ó ti di $1,996. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $200 lóṣooṣù, gbogbo ẹ̀dínwó yẹn á sì wọmi láàárín ọdún bíi mélòó kan. Ẹ sì rántí 2022, ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó èlé tó lé díẹ̀ ní 3%, nígbà tí oṣù kẹwàá fi máa parí ó ti kan 7%. Ó lè wálẹ̀ náà kó jẹ́ èrè yín, àmọ́ ta ló mọ̀? Ẹ má ti owó èlé pa (ìyẹn ni pé kí ẹni tó ń yá yín lówó dè é mọ́ iye kan) lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́fà, torí ọgbọ̀n sí ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń tì í pa fún, ẹ dúró di ìgbà tí lẹ́tà báńkì bá jáde.

Wọ́n kọ "as-is" síbẹ̀. Ṣé mo ṣì nílò inspector?

Ẹ̀yin gan-an lẹ nílò ẹ̀ jù! As-is túmọ̀ sí pé báńkì ò ní tún ìṣó kan ṣe, láńlọ́ọ̀dù ò sì lówó tó fi máa tún un ṣe, ó ti pẹ́ tí kò ti san mọ́gééjì, ẹ rò pé ó ń pààrọ̀ fílítà ẹ̀rọ ni? A kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè, ẹ wá ẹni tiyín tó máa gun òrùlé. $300 sí $500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń gbà, owó yẹn kì í padà tí ọjà ò bá yá.

Ilé tó bá ti ṣófo lásìkò òtútù ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Tí wọ́n bá ti pa iná àti gáàsì tí omi sì wà nínú páìpù, omi á di yìnyín, páìpù á bẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ títí wọ́n á fi ṣí omi. Inspector ò lè dán ohun tí kò ní iná wò. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn ta ló máa san owó tí wọ́n fi máa ṣí omi, iná àti gáàsì fún ìdánwò, kẹ́ ẹ sì tún padà lọ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gba kọ́kọ́rọ́, torí ilé tẹ́ ẹ wò lóṣù kẹta kọ́ lẹ ń gbà lóṣù kẹwàá.

Wọ́n ní mọ́gééjì méjì ló wà lórí ẹ̀. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ẹ jókòó, ibí ni ilé mi àkọ́kọ́ kú sí. Báńkì kìíní ti gbà, inú mi dùn, mo ti ń wo kọ́tìnnì. Láńlọ́ọ̀dù ti yá owó kejì lórí ilé yẹn nígbà tí nǹkan dáa, bóyá $60,000, lọ́wọ́ báńkì míì. Ẹni kejì kì í gba nǹkan kan àfi tí ẹni kìíní bá yó tán, ẹni kìíní ò sì yó, ẹ ti rí i. Wọ́n á wá já ẹgbẹ̀rún dọ́là bíi mélòó kan sọ́wọ́ ẹni kejì pé kó gba ìyẹn kó yọwọ́. Ẹni kejì tèmi ní ìyẹn kéré, ẹni kìíní ní àwọn ò fi kọ́bọ̀ kún un, àwọn méjèèjì dijú mọ́rí, ọjọ́ tí wọ́n dá nínú lẹ́tà sì kọjá lọ. Mo ní kí n fi tèmi dí i, éjẹ́ńtì mi ní tí báńkì kìíní ò bá mọ̀ sí i tí kò sì fọwọ́ sí i, ẹ̀sùn ló máa dà. Ibẹ̀ ni mo fi í sí.

Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí èèyàn bi éjẹ́ńtì láńlọ́ọ̀dù ni pé, èèyàn mélòó ló ń fọwọ́ lé ilé yìí? Kì í ṣe báńkì nìkan o. Owó HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, tí wọn ò san. Owó-orí ilé. Tó bá jẹ́ Baltimore, owó omi, àti ground rent, ìyẹn ni pé ilẹ̀ tí ilé wà lórí ẹ̀ lè jẹ́ ti ẹlòmíì tí ẹ ó máa san owó fún lọ́dọọdún, ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó ṣe mí bí ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ayé àtijọ́. Tí IRS, àwọn agbowó-orí ìjọba àpapọ̀, bá wà lórí ẹ̀, láńlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fi Form 14135 bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọwọ́ lórí ilé yẹn. Báńkì méjì, HOA àti IRS lórí ilé kan? Ẹ bá tiyín lọ.

Kí title company yín ti yẹ ìwé ilé wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ra ìnṣọ́ránsì ìwé ilé tiyín, èyí tí báńkì tó ń yá yín lówó ní kẹ́ ẹ rà, òun nìkan ló wà fún.

Tí wọ́n bá lu ilé ní gbàǹjo kí lẹ́tà tó dé ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ka tó ń ṣe foreclosure àti ẹ̀ka tó ń ṣe short sale nínú báńkì kan náà, nígbà tiwa wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Láti January 10, 2014 ni òfin ti wà pé tí ìwé láńlọ́ọ̀dù bá pé pérépéré, tó sì dé ọwọ́ wọn ju ọjọ́ 37 lọ kó tó di ọjọ́ gbàǹjo, wọn ò gbọ́dọ̀ tà á títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Ẹ gbọ́ o, "pé pérépéré" ni mo wí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti dá ọjọ́ gbàǹjo. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí láńlọ́ọ̀dù ṣì ń wá payslip, ẹ má ṣe wàhálà.

Ṣé wọ́n á gba FHA tàbí VA lọ́wọ́ mi? Owó àjọ sì ni mo fẹ́ fi san owó ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n máa ń gbà, àmọ́ ipò tí ilé wà ni ìṣòro. FHA gbà kẹ́ ẹ mú 3.5% wá tí credit score yín, máàkì tó ń fi hàn bẹ́ ẹ ṣe ń san gbèsè, bá tó 580, ìyẹn $10,850 lórí ilé $310,000, àmọ́ ẹni tí wọ́n máa rán wá wo ilé ò ní gbà tí omi ò bá yọ, tí ilé ò bá lè móoru, tàbí tí ọ̀dà bá ń bó lára ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978. Ta ló máa tún un kùn? Báńkì ní as-is. FHA ní lóònù kan tí wọ́n ń pè ní 203(k) tó ń kó owó ilé àti owó àtúnṣe pọ̀, ó wúlò, àmọ́ ìwé ẹ̀ pọ̀, tẹ́ ẹ bá wá fi lé short sale lórí, ẹ kú oríire. VA ò bèèrè owó ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ àwọn ológun, àwọn tó ti ṣe ológun rí àti àwọn kan lára opó wọn ló wà fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lórí vísà iṣẹ́, láti May 25, 2025 ni FHA ò ti gba yín mọ́, ẹ wá mọ́gééjì tí ìjọba ò dúró fún, èyí tí wọ́n ń pè ní conventional.

Owó àjọ, mo ti rí i kó dá wàhálà sílẹ̀ ju credit lọ. Wọ́n máa ń wo bank statement oṣù méjì, tí $12,000 bá já lulẹ̀ síbẹ̀ lójijì, wọ́n á ní níbo ló ti wá, kí lẹ fẹ́ sọ, pé Ìyá Ṣadé ló kó o fún yín nílé ìjọsìn? Ẹ bẹ olórí alájọ kó gbé yín síwájú, kí owó náà ti wà ní àkáǹtì yín kó tó ṣe nǹkan bí oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn látọ̀dọ̀ bàbá yín ní Nàìjíríà, ẹ gba lẹ́tà pé ẹ̀bùn ni, pé ẹ ò ní san án padà, kẹ́ ẹ sì ní ìwé tó fi hàn bí owó ṣe rìn.

Ilé àbúrò mi ló wà nínú gbèsè. Ṣé mo lè rà á ní short sale kó máa gbébẹ̀ lọ?

Rárá, rárá, rárá. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ẹ̀yin, àbúrò yín àtàwọn éjẹ́ńtì, gbogbo yín lẹ máa fọwọ́ sí ìwé kan pé ẹ ò bára yín tan, pé kò sí àdéhùn ìkọ̀kọ̀ kankan, pé ẹni tó ń tà ò ní dúró síbẹ̀, kò sì ní gbà á padà. Tẹ́ ẹ bá parọ́ síbẹ̀, ẹ̀sùn ìjọba àpapọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí mọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wá ìwé ọmọ ìlú ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kí ọ̀rẹ́ bá yín rà á fún àbúrò náà, ọ̀kan náà ni. Ẹ ràn án lọ́wọ́ ní ọ̀nà míì, ẹ bá a pe báńkì kí wọ́n tún lóònù ẹ̀ tò, tàbí kó wá gbé lọ́dọ̀ yín.

Láńlọ́ọ̀dù ní kí n fún òun ní $5,000 ní ọwọ́ kí òun tó buwọ́ lùwé.

Ẹ sá. Owó tí kò bá sí nínú ìwé ìsanwó tí báńkì máa rí, owó ẹ̀sùn ni. Tó bá ní ẹrù tó fẹ́ tà fún yín, fíríìjì, àga, kó wà lákọsílẹ̀ kí báńkì rí i.

Àwọn kan náà á pe ara wọn ní negotiator, wọ́n á ní kí láńlọ́ọ̀dù sanwó kí àwọn tó bá báńkì sọ̀rọ̀. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kí irú wọn máa gbowó ṣáájú iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí owó negotiator nínú àdéhùn tí wọ́n sọ pé ẹ̀yin lẹ máa san, ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú.

Éjẹ́ńtì tí mo ní kò ṣe short sale rí, ṣé ó burú?

Èèyàn dáadáa lè jẹ́ éjẹ́ńtì tí kò dáa fún eléyìí. Ti láńlọ́ọ̀dù ló tiẹ̀ ṣe pàtàkì jù, torí òun ló ń bá báńkì sọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé mélòó lo ti parí, kì í ṣe mélòó lo ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń kígbe "á yá, á yá" láìlè sọ orúkọ ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò tíì pè wọ́n.

Nǹkan kan tó yí padà láti August 2024, ẹ máa fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú éjẹ́ńtì tiyín kẹ́ ẹ tó jọ lọ wo ilé, iye tó máa gbà á sì wà níbẹ̀. Báńkì tó ń fọwọ́ sí short sale fẹ́ràn kó máa gé owó éjẹ́ńtì. Tí wọ́n bá gé e, ta ló máa dí i? Ẹ wo ìwé yẹn, ó lè jẹ́ ẹ̀yin.

Ṣé mo lè yẹ̀ ẹ́ tó bá sú mi? Dépọ́sítì mi ńkọ́?

Ohun tó bá wà nínú àdéhùn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé tí báńkì ò bá fèsì láàárín ọjọ́ báyìí, ká ní 90, ẹ lè gba dépọ́sítì yín kẹ́ ẹ máa lọ. Kí dépọ́sítì kéré, kó wà lọ́wọ́ title company tàbí éjẹ́ńtì tó láṣẹ, kó má ṣe wà lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù láé, ẹni tí gbèsè ti mù dé ọrùn. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ inspection àti ọjọ́ mọ́gééjì bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí lẹ́tà báńkì bá jáde, kì í ṣe látọjọ́ tẹ́ ẹ buwọ́ lùwé. Ìlà kékeré ni, òun ló gba dépọ́sítì mi padà nígbà ilé àkọ́kọ́.

Ṣé gbèsè tó kù lè tẹ̀ lé mi?

Kò kàn yín. Àárín láńlọ́ọ̀dù àti báńkì ni. Ní California, láti 2011, báńkì tó bá ti fọwọ́ sí short sale ilé ò lè padà lé láńlọ́ọ̀dù kiri mọ́ fún iye tó kù, àwọn ìpínlẹ̀ míì yàtọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé tí lẹ́tà bá jáde tí báńkì ò dárí gbèsè yẹn jì í, láńlọ́ọ̀dù lè bínú kó ní òun ò tà mọ́, ọjà yín á sì dàrú.

Lẹ́tà ti dé! Kí ni kí n wò níbẹ̀?

Ẹ kú oríire, ẹ má tíì pe ìyá yín. Ẹ wo ọjọ́ tó máa kú, wọn kì í sábà fún yín ju bí oṣù kan lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oṣù márùn-ún ṣeré. Ẹ wo orúkọ yín bóyá wọ́n kọ ọ́ dáadáa, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pa orúkọ Yorùbá níbí, Adéyẹmí á di Adayemi, lẹ́tà tí orúkọ ẹ̀ ò bá ti ìwé yín mu á tún padà sẹ́yìn. Ẹ wo iye tí wọ́n máa san nínú owó ìjọba, county wa ńbí ń gba 1.4% lórí iye ilé, ìpínlẹ̀ ń gba 0.5%, tí báńkì bá ní ìdajì pére làwọn máa san, ìdajì tó kù ti di tiyín. Ẹ wo bóyá wọ́n ní ẹ ò gbọ́dọ̀ tún ilé tà láàárín ọgbọ̀n tàbí àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ pe ẹni tó ń ṣe mọ́gééjì yín kó ti owó èlé pa.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, ẹ pe title company lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà àkáǹtì tó wá nínú ímeèlì.

Ṣé ó ṣì wà nígboro báyìí?

Kò pọ̀ mọ́. Láàárín 2008 sí 2012, àdúgbò wa ńbí ni foreclosure jà jù ní gbogbo Maryland, ẹ rí i ní Bowie, ẹ rí i ní Upper Marlboro, bọ́ọ̀dù títà lẹ́nu ilé bíi mẹ́rin nínú òpópónà kan. Ìjọba àpapọ̀ tiẹ̀ gbé ètò HAFA kalẹ̀ ní 2010 tó ń fún láńlọ́ọ̀dù ní $3,000 níbẹ̀rẹ̀ láti fi kó ẹrù, ó parí ní ìparí 2016. Iye ilé ti gòkè látìgbà yẹn, ẹni tó bá jẹ gbèsè sábà máa ń lè tà kó san án tán. Àwọn tẹ́ ẹ lè rí báyìí ni àwọn tó ra ilé lówó gọbọi láìpẹ́ pẹ̀lú owó ìbẹ̀rẹ̀ táṣẹ́rẹ́, tàbí tó yá owó kejì lórí ẹ̀. Ẹ wò ó bẹ́ ẹ ṣe ń wo àwọn ilé míì, ẹ má fi ṣe òun nìkan.

Ìkẹyìn: tí láńlọ́ọ̀dù bá kó ẹrù ẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ ńkọ́?

Á kó o sílẹ̀. Tèmi fi bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, dùùrù kan tí kò dún, àti gàráàjì tó kún fún ọ̀dà gbígbẹ sílẹ̀, èmi ni mo sanwó fẹ́ni tó kó o dànù. Tẹ́ ẹ bá bá ayálégbé ńbẹ̀, ìyẹn tún yàtọ̀, lease ẹ̀ ń tẹ̀ lé ilé wá, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé. Dùùrù yẹn ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ilé mi, ó wúwo jù, kò sẹ́ni tó lè gbé e gun àtẹ̀gùn.